Kílíìkì: kọ́ńsónáǹtì tí a ń pè ní ariwo

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, nígbà tí wọ́n lọ sin Nelson Mandela sí abúlé tí ó ti ṣe kékeré, orúkọ abúlé náà gba ẹnu gbogbo oníròyìn kan: Qunu. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ló pè é bí ẹni ń pe kúnú tí à ń rà mu. Nígbà tó di ọdún 2021, ìjọba Gúúsù Áfíríkà yí orúkọ ìlú Port Elizabeth padà sí Gqeberha, àwọn tí kò gbọ́ èdè Xhosa sì ń bèèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kí àwọn máa pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ èdè náà fúnra rẹ̀, "Kósà" ni à ń pè é. Kò sí èyí tí a pè bí ó ti yẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìró kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní kílíìkì, etí wa sì máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé kílíìkì kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń dárà sí ọ̀rọ̀. Kọ́ńsónáǹtì ni, bí b, bí d, bí k. Ó ní ibi tí ahọ́n ti ń pè é, ó ní ọ̀nà tí ó gbà ń jáde, ẹni tí ó bá sì ṣì í pè ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Miriam Makeba, olórin tí ó gbé ìró yìí káàkiri ayé ní àwọn ọdún 1960, a máa sọ ọ́ fún àwọn òǹwòran rẹ̀ lórí ìtàgé pé ohun tí wọ́n ń pè ní ariwo yẹn, èdè òun ni. Ó dùn ún pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ibi tí ó ti mọ́ wa lára ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe "gbogbo", kí ẹ rọra pè é. Kí gb tó jáde, ibi méjì ni ẹ ti dí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ètè méjèèjì pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n sì lọ lẹ̀ mọ́ àfàsé, ìyẹn ibi rírọ̀ tí ó wà lẹ́yìn pátápátá ní òkè ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni p wa ṣe rí nínú "pápá". Òyìnbó tí ó bá ń kọ́ Yorùbá máa ń jìyà lórí gb nítorí pé ibi kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n dí lẹ́ẹ̀kan. Ibi méjì ni kílíìkì náà ń dí. Ẹ̀yìn ahọ́n lẹ̀ mọ́ àfàsé bí ó ti ṣe nínú gb, àmọ́ ní iwájú, ahọ́n náà ló sábà máa ń dí ọ̀nà dípò ètè: ó lè jẹ́ lẹ́yìn eyín, ó lè jẹ́ lórí erìgì, ó lè jẹ́ ní àjà ẹnu.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ló ya kílíìkì sọ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti há sáàárín ibi méjèèjì tí a dí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á wá rẹ àárín ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀, láì tíì ṣí iwájú, láì tíì ṣí ẹ̀yìn. Àyè tí afẹ́fẹ́ yẹn wà á fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ kò sí afẹ́fẹ́ mìíràn tí ó lè wọlé wá kún un. Bí ó bá wá ṣí ti iwájú lójijì, afẹ́fẹ́ ìta á ya wọ inú àyè náà, ìró á sì dún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn ahọ́n á tó kúrò lára àfàsé. Kí ojú tó ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ẹ kíyè sí i pé èémí inú ẹ̀dọ̀fóró kò bá iṣẹ́ yìí tan. Nínú b tàbí d tàbí s, èémí láti inú ló ń tì wọ́n jáde. Nínú kílíìkì, ahọ́n ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ó bá ń pòṣé ń fi ahọ́n fa afẹ́fẹ́ wọlé ni. Àmọ́ pòṣé dá dúró ni. Ó ń sọ ìbínú tàbí ìfojútẹ́ḿbẹ́lú, fáwẹ́lì kankan kò tẹ̀ lé e, kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan. Ohun tí àwọn Xhosa ṣe ni pé irú ìró bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀, ó jókòó sí ipò kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ́lì gorí rẹ̀, ohùn gorí fáwẹ́lì.

Mẹ́ta ni oríṣi tí isiXhosa, ìyẹn èdè Xhosa, àti isiZulu, èdè Zulu, ń lò, lẹ́tà c, q àti x sì ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Fún c, ẹ fi orí ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín òkè, kí ẹ fà á kúrò: ìró tí àgbàlagbà máa ń fi ẹnu ṣe nìyẹn tí ó bá gbọ́ ìròyìn ọ̀fọ̀, tí á sì máa mi orí. Fún x, orí ahọ́n kò kúrò ní erìgì rárá. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló ń ṣí, lápá ibi tí eyín ọ̀kánkán ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà, afẹ́fẹ́ á sì gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn tí ń gun ẹṣin máa ń fi ìró yìí lé ẹṣin kí ó lè yára. Ti q ló le jù, tí ó sì dún jù. Ẹ gbé orí ahọ́n lọ sẹ́yìn erìgì, níbi tí òkè ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lọ sókè, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì já a wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń jinlẹ̀, ó máa ń dún kọ́. Q ti Qunu nìyẹn.

Ẹni tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ báyìí á rí i pé ó rọrùn bí ó bá dá wà. Wàhálà dé nígbà tí a bá fẹ́ gbé e sínú ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pe q, wọn á dánu dúró díẹ̀, wọn á wá pe "unu". Ohun tó fà á ni pé wọn ò rántí ti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ahọ́n tí ó lẹ̀ mọ́ àfàsé yẹn ni ibi tí a ti ń pe k. Nítorí náà, ẹ múra bí ẹni tí ó fẹ́ pe "kú", kí ẹ má tíì pè é, kí ẹ fi orí ahọ́n ṣe q, kí ẹ sì jẹ́ kí u bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹ̀yìn ahọ́n ṣe ń ṣí. Kò gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú èdè. Ní isiXhosa, ukucela ni kí ènìyàn tọrọ nǹkan. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ á ní "Ndicela amanzi", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi. Ẹ mú c yẹn kúrò, kí ẹ fi x sí i: ukuxela ni kí ènìyàn sọ nǹkan, kí ó ròyìn. Ẹ fi èémí kún x, kí ó di xh: ukuxhela ni kí á dúńbú ẹran. Iqela ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ ni. Ẹni tí ó fẹ́ tọrọ, tí ahọ́n rẹ̀ ṣí ní ẹ̀gbẹ́ dípò kí ó ṣí níwájú, ti ń ròyìn nìyẹn. Bí ó bá sì tún fi èémí lé e, ó ti ń mú ọ̀bẹ. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí a lè mú wá pé kọ́ńsónáǹtì ni kílíìkì, èyí ló tó mi jù, nítorí pé ohun kan náà ló ya "bá" sọ́tọ̀ kúrò lára "dá" lọ́dọ̀ wa.

Lẹ́tà h tí mo dárúkọ yẹn já sí ohun kejì tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Ibi tí ahọ́n wà nìkan kọ́ ló ń ṣe kílíìkì. Ohun tí gògóńgò àti imú ń ṣe lákòókò kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A lè pe c lásán, a lè fi èémí tẹ̀ lé e kí ó di ch, a lè mú ohùn kùn wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọ̀fun kí ó di gc, a lè gbà á gba imú kí ó di nc, lẹ́yìn náà ni ngc àti nkc tí wọ́n pa méjì pọ̀. Ìyẹn jẹ́ 6. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún q, bẹ́ẹ̀ náà ni fún x, ló fi di kílíìkì 18 ní isiXhosa, bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe kà á. isiZulu kò ní irú nkc, nítorí náà 15 ni tirẹ̀. Gq tí ó bẹ̀rẹ̀ Gqeberha jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, rh tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe kílíìkì, ìró kan tí ń ha ọ̀nà ọ̀fun ni.

Ọmọ Yorùbá ní àǹfààní ńlá nínú ti imú. Ẹ sọ pé "ó ń kọrin", kí ẹ dúró sórí ń, kí ẹ fà á gùn: ńńńń. Níbi tí ẹ dúró sí yẹn, ẹ̀yìn ahọ́n yín ti wà lára àfàsé nítorí k tó ń bọ̀, ohùn sì ń gba imú jáde. Orí ahọ́n kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fi ṣe c tàbí q láì dá ń dúró. Ohun tí ẹ ṣe yẹn ni nc àti nq. Ẹ ó tún rí ohun kan níbẹ̀: ń ò dá, ó ń lọ ní tirẹ̀, kílíìkì ń dún ní tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní èémí ẹ̀dọ̀fóró kò bá a tan.

Èdè olóhùn ni isiXhosa àti isiZulu, bíi tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í kọ àmì ohùn sílẹ̀. Irú gc, gq àti gx sì máa ń fa ohùn fáwẹ́lì tí ó tẹ̀ lé wọn wálẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ c, q àti x? Àwọn míṣọ́nnárì ará Skọ́tíláǹdì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé àfonífojì Tyhume ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1823 láti máa tẹ ìwé ní èdè Xhosa. Nínú lẹ́tà òyìnbó, mẹ́ta wọ̀nyí kò ní iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè bá wọn ṣe: k àti s ti gba iṣẹ́ c, k ti gba iṣẹ́ q, ks sì tó fún x. Àwọn tí ó kọ Yorùbá sílẹ̀ náà rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ní ti Xhosa, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ tuntun. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé lẹ́tà náà kò jọ ti òyìnbó mọ́ yàtọ̀ sí ojú rẹ̀. Cetshwayo, ọba Zulu tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1879, orúkọ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ bíi "Sétí", kò sì bẹ̀rẹ̀ bíi "Kétí". Ẹ̀yìn eyín ni orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mqhayi, akéwì tí ó fi ẹsẹ kún orin tí ó di apá kan orin orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, ní q tí èémí tẹ̀ lé.

Ní Namibia, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ilà ni èdè Khoekhoegowab, tí àwọn Nama àti Damara ń sọ, fi ń kọ kílíìkì: ǀ ni ti ẹ̀yìn eyín, ǁ ni ti ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, ǃ ni ti ẹ̀yìn erìgì. Ẹ̀kẹrin rẹ̀ ni ǂ, tí Xhosa kò ní: ahọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ àjà ẹnu, ìró rẹ̀ á sì mú, á wọ etí ṣóńṣó. ǃ yìí kì í ṣe àmì ìyanu. Lẹ́tà ni, kódà kọ̀ǹpútà ní àyè ọ̀tọ̀ fún un. Irú ilà wọ̀nyí wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, gbé jáde ní 1855, álífábẹ́ẹ̀tì kan náà yẹn sì nípa lórí bí wọ́n ṣe kọ Yorùbá sílẹ̀. Ẹbí kan ni ìwé kíkọ wa pẹ̀lú tiwọn.

Ẹ gbọ́ bí ará Nama ṣe ń ka nǹkan láti 1 dé 10: ǀgui, ǀgam, ǃnona, haka, koro, ǃnani, hû, ǁkhaisa, khoese, disi. Márùn-ún nínú mẹ́wàá ni kílíìkì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ bàtà á so ti ń pè é. Lẹ́tà g tí ó wà nínú ǀgui kì í ṣe g wa. Ó kàn ń sọ fún ni pé ohun kankan kò tẹ̀ lé kílíìkì náà ni. Oríṣi 4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà 5, ló fún èdè yìí ní kílíìkì 20. Ní 2013, ìjọba Namibia fi àmì ẹ̀gbẹ́ ahọ́n kún orúkọ ẹkùn Karas, ó di ǁKaras nínú ìwé ìjọba.

Ẹ̀karùn-ún ni ʘ, tí ètè méjèèjì ń pè. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ó sì wà nínú èdè Taa tí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ènìyàn ń sọ ní Botswana àti Namibia. Èdè Taa ní oríṣi márààrún. Bí a bá ka ìró kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ẹyọ kan, kílíìkì rẹ̀ lé ní 80. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní púpọ̀ nínú wọn jẹ́ kílíìkì tí kọ́ńsónáǹtì mìíràn so mọ́, iye tí wọ́n kà sì kéré sí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó máa ń rú ènìyàn lójú ni àwọn tí ó ni kílíìkì. Kì í ṣe gbogbo èdè ìhà gúúsù Áfíríkà. Shona kò ní in. Kò ní ipò gidi kan nínú Setswana tàbí Tshivenda. Sesotho ní oríṣi q nìkan, ẹ ó sì rí i nínú orúkọ àwọn àdúgbò Lesotho bíi Quthing. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èdè àwọn ènìyàn kéréje nínú aginjù nìkan, bí àwọn fíìmù òyìnbó ṣe máa ń fi hàn. Nínú ìkànìyàn Gúúsù Áfíríkà ti 2022, isiZulu ni èdè ilé fún 24.4 nínú ọgọ́rùn-ún, isiXhosa fún 16.3. Olùkọ́ ń fi kílíìkì kọ́ ìṣirò.

Orúkọ tí a sì máa ń gbọ́, "Khoisan", kì í ṣe orúkọ ẹbí kan. Àwọn onímọ̀ ìgbà kan kó ọ̀pọ̀ èdè tí ó ní kílíìkì, tí kì í ṣe ti Bantu (ẹbí èdè ńlá kan ní Áfíríkà), sábẹ́ orúkọ yìí. Lónìí, ẹbí mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn gbà pé ó wà ní ìhà gúúsù: Khoe-Kwadi, Kx'a àti Tuu. Ní Tanzania, Hadza dá dúró ní tirẹ̀, Sandawe náà sì wà níbẹ̀. Dahalo ní Kenya tún ní kílíìkì, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹbí Kúṣì ni, ìbátan Sòmálì. Lẹ́yìn Áfíríkà, ibì kan ṣoṣo ni a mọ̀: Damin, èdè awo tí àwọn ọkùnrin Lardil ń lò ní erékùṣù Mornington ní Ọsirélíà, tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́.

Xhosa àti Zulu ńkọ́, tí wọ́n jẹ́ èdè Bantu? Wọ́n gbà á ni. Nígbà tí àwọn baba ńlá wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, wọ́n bá àwọn Khoe àti San níbẹ̀, wọ́n bá wọn gbé, wọ́n fẹ́ ọmọ wọn. Igqirha, orúkọ tí Xhosa ń pe adáhunṣe, ọ̀rọ̀ Khoe ni. Àmọ́ yíyá ọ̀rọ̀ lásán kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀, torí kílíìkì wọ inú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti Bantu tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni àṣà hlonipha. Ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ dárúkọ baba ọkọ rẹ̀, a mọ ìyẹn dáadáa nílẹ̀ Yorùbá. Ti àwọn Nguni, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí Xhosa àti Zulu wà lára wọn, tún jìn ju tiwa lọ: kò gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ní sílébù orúkọ náà nínú, ìbáà ṣe orúkọ oúnjẹ, ìbáà ṣe orúkọ ohun èlò. Ó ní láti pa ọ̀rọ̀ náà dà. Bí ó bá mú kọ́ńsónáǹtì kan kúrò tí ó fi kílíìkì rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ pátápátá nìyẹn, kò sì sí ẹni tí á fẹ̀sùn kàn án pé ó dárúkọ bàbá. Ọmọ tí ó bí á gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá, á sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn àlàyé yìí, nítorí pé ó fi àwọn obìnrin sí ibi tí ó yẹ wọ́n nínú ìtàn bí èdè ńlá méjì ṣe rí ohùn wọn.

Èyí náà ló sì jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé kílíìkì jẹ́ àjẹkù èdè àkọ́kọ́ tí ènìyàn sọ láyé. Èdè Xhosa kò bá kílíìkì wá láti ilé, ọ̀nà ni ó ti pàdé rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Botswana, àwọn èdè Khoe kan ti ń jù ú nù, kọ́ńsónáǹtì lásán bíi k sì ti ń gba ipò rẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan. Ìró ń wọlé, ìró ń jáde, bí ó ti ń rí nínú gbogbo èdè. Ẹni tí ó bá ń pe àwọn tí ń sọ ọ́ ní ènìyàn àtijọ́ nítorí ìró ẹnu wọn ń bú wọn ni.

Àwọn kan kò tilẹ̀ rí i sọ mọ́. Nǁng, èdè ẹbí Tuu ní àgbègbè Northern Cape, dín kù títí ó fi ku ẹyọ àwọn àgbà díẹ̀. Katrina Esau, ọ̀kan nínú wọn, ya ibì kan sọ́tọ̀ ní ilé rẹ̀ ní Upington láti máa fi orin àti eré kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè náà, ìjọba sì fi oyè Order of the Baobab dá a lọ́lá ní 2014. Ìbátan Nǁng ni ǀXam, tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́ rárá. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ pọ̀ jù nínú ohun tí ǁKabbo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ fún àwọn onímọ̀ èdè méjì, Wilhelm Bleek àti Lucy Lloyd, ní Cape Town ní àwọn ọdún 1870, tí àwọn yẹn sì kọ sílẹ̀ sínú ìwé.

Láti inú èdè yẹn ni Gúúsù Áfíríkà ti mú ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ àmì ìjọba rẹ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2000: ǃke e: ǀxarra ǁke. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí àwọn ènìyàn ọlọ́kan-ò-jọ̀kan wà ní ìṣọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti ń bá mi bọ̀ lè kà á báyìí. ǃ àkọ́kọ́ ni q ti Xhosa, ẹ já ahọ́n wálẹ̀ láti ẹ̀yìn erìgì. E: gùn, àmì tí ó wà lára rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. ǀ jẹ́ c, lẹ́yìn eyín, x tí ó tẹ̀ lé e níbí kì í sì í ṣe kílíìkì mọ́, ó ń ha ọ̀fun ni. ǁ ìkẹyìn ni x ti Xhosa, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni kí ẹ ṣí, kí ẹ sì jẹ́ kí "ke" bọ́ tẹ̀ lé e láì sí àlàfo.